Bẹ́ ẹ ṣe máa pe àwọn ará Tọ́kì: abi, abla, teyze, àti ọ̀rọ̀ "sen" pẹ̀lú "siz"

Àwọn tó ń múra àtilọ kàwé ní Tọ́kì àtàwọn tó fẹ́ lọ kó ọjà ní Laleli, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Istanbul, máa ń bi mí ní ìbéèrè gan-an, ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ òtútù, èèló ni wọ́n ń ta búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni kóun máa pe ìyá tí ilé wọn kọjú sí ti òun, tàbí kí ni kóun sọ fún dírẹ́bà tóun bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé nìyẹn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé gan-an, kẹ́ ẹ tó fojú kan yunifásítì. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, mo ṣàṣìṣe dáadáa, wọ́n sì fi sùúrù kọ́ mi, ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn.

Ẹ fọkàn balẹ̀, Yorùbá tó bá dé Tọ́kì ti gbé ìdajì ẹ̀kọ́ yìí dání látilé. Àwọn náà ní ìwọ àti ẹ̀yin. Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Wọ́n ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ra nǹkan tuntun, ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Kódà "ó" tiwa tí a fi ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan láìyàtọ̀, "o" làwọn náà ń pè é, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe. Ìdajì kejì ló máa ń dà wá láàmú, torí ó jọ tiwa, kì í sì í ṣe tiwa.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà

Èyí ò gbà yín ní wákàtí kan. Ş tiwọn ni ṣ tiwa. C tiwọn, j ni, torí náà "hoca", ìyẹn tísà, tẹ́ ẹ máa rí káàkiri, "hója" lẹ máa pè é, "amca" sì di "ámja". Ç ni ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Charles. Ğ kì í dún, ńṣe ló máa ń fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú ẹ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ní "ağabey", "abi" lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn, ìyẹn bùrọ̀dá. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "abi" nínú báàsì, kì í ṣe àbí tiwa o, ẹnì kan ló ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

2. Ẹ wojú, ẹ wọ̀n ọjọ́ orí, kẹ́ ẹ tó yan orúkọ

Ọkùnrin tó fi díẹ̀ jù yín lọ, abi. Obìnrin tó fi díẹ̀ jù yín lọ, abla, bí ìgbà téèyàn ń pe àǹtí. Ọkùnrin tó bá tó bàbá yín, amca. Obìnrin tó bá tó ìyá yín, teyze. Mẹ́rin yìí nìkan lè gbé yín fún oṣù kan gbáko ní ọjà, ní ilé, ní ojú títì.

Nínú ẹbí, àwọn ará Tọ́kì máa ń pín orúkọ ju tiwa lọ. Amca ni arákùnrin bàbá, dayı ni arákùnrin ìyá, hala ni arábìnrin bàbá, teyze ni arábìnrin ìyá. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ẹni téèyàn ò mọ̀ rí, ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ti mú ti ọkùnrin, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti mú ti obìnrin. Ẹ lè gbọ́ kí wọ́n pe bàbá kan ní dayı lójú títì, ìyẹn náà dáa, àmọ́ ẹnì kan kì í pe obìnrin tí ò mọ̀ rí ní hala. Ìyàwó ọ̀rẹ́ yín tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ni yenge, bí àwa ṣe ń sọ pé ìyàwó wa. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni enişte.

Ẹ ṣọ́ra níbi teyze. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tẹ́ ẹ bá pè ní màmá kì í bínú, iyì ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, obìnrin ẹni ogójì ọdún tó múra dáadáa tó ń lọ síbi iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá pè é ní teyze, ẹ ti fi ogún ọdún kún un nìyẹn, ó sì máa dùn ún. Tí iyèméjì bá wà, abla ni kẹ́ ẹ lò. Bákan náà ni dede àti nine, ìyẹn bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá wọn pè é.

Orúkọ ló ń ṣáájú, kì í ṣe bíi tiwa. Àwa á ní Bùrọ̀dá Kúnlé, àwọn á ní Mehmet abi, Ayşe abla. Ibi iṣẹ́ àti ọ́fíìsì ńkọ́? Bey ni fún ọkùnrin, Hanım fún obìnrin, orúkọ àbísọ lẹ sì máa so ó mọ́, ẹ̀yìn orúkọ ló ń wà: Ahmet Bey, Elif Hanım. Kì í ṣe orúkọ bàbá. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro, ọ̀pọ̀ wọn ò ní orúkọ ìdílé tẹ́lẹ̀ rárá, òfin ló fún wọn ní June 1934, ọdún yẹn náà ni Mustafa Kemal, ààrẹ wọn nígbà náà, di Atatürk. Ní November ọdún yẹn kan náà ni òfin mìíràn fagi lé oyè bíi bey, efendi àti paşa, àmọ́ ẹnu èèyàn ò jẹ́ kí bey lọ, ó kàn fi ipò oyè sílẹ̀ ó di ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún gbogbo ọkùnrin ni. Àwa ará Èkó náà ní in nílé, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sálásí Mohammed Shitta lọ́dún 1894, Sultan Abdul Hamid Kejì tó wà lórí ìtẹ́ Ottoman nígbà náà ló fi oyè Bey dá bàbá náà lọ́lá, ibẹ̀ ni ìdílé Shitta-Bey ti rí orúkọ wọn. Ẹ̀yìn orúkọ náà ló ṣì wà di òní.

Sayın ni ti inú lẹ́tà àti ti gbohùngbohùn pápá ọkọ̀ òfuurufú, òun ló ń bá orúkọ ìdílé rìn: Sayın Yılmaz. Ẹ má lò ó fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń mu tíì. Ọ̀rọ̀ kan tún wà, "bayan", ẹ máa rí i lára tíkẹ́ẹ̀tì àti lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ò fẹ́ kí wọ́n fi pe àwọn, hanımefendi ni kẹ́ ẹ sọ fún obìnrin tẹ́ ẹ ò mọ̀, beyefendi fún ọkùnrin.

3. "Sen" àti "siz", ibi tó ti ń dàrú fún wa

Ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí, torí òun gan-an ni mo ṣe ń kọ gbogbo ẹ̀.

Sen ni ìwọ, siz ni ẹ̀yin. Nasılsın? Báwo ni? Nasılsınız? Ṣé dáadáa lẹ wà? Yorùbá tó bá gbọ́ ìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ pé ó yé òun: àgbà ni siz, ọmọdé ni sen, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn.

Obìnrin kan wà tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi, wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún, teyze ni mo ń pè wọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ki wọ́n ní siz láàárọ̀ lálẹ́, mo tún ń tẹ orí ba. Nínú oṣù Muharrem, wọ́n gbé aşure wá fún mi, ìyẹn oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n fi àlìkámà, ẹ̀wà, èso gbígbẹ àti ẹ̀pà oríṣiríṣi sè pọ̀, tí wọ́n máa ń pín fún aládùúgbò. Àwo kì í padà lófìfo níbẹ̀, torí náà mo dín púfúpúfù, mo kó o sínú àwo náà, mo lọ kan ilẹ̀kùn, mo sì sọ ohun tí mo ti ń kọ́ láti òwúrọ̀: "Elinize sağlık, teyze." Kí ọwọ́ yín ó ní ìlera. Wọ́n gba àwo, wọ́n wò mí, ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní "Elinize mi? Ben yabancı mıyım?" Ọwọ́ "yín" kẹ̀? Ṣé àlejò lèmi ni?

Ara mi bù máṣọ. Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni, àwọn sì rò pé mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú láti oṣù mẹ́ta.

Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ rèé. "Ẹ" tiwa, ọjọ́ orí ló ń wò. Èèyàn lè sún mọ́ ìyá ẹ̀ bí ìfun sí ẹ̀dọ̀, ẹ náà ló máa sọ. Siz tiwọn, ọ̀nà jíjìn ló ń wò: ṣé mo mọ̀ yín tàbí mi ò mọ̀ yín, ṣé ibi iṣẹ́ la wà tàbí ilé? Ọ̀wọ̀ ọjọ́ orí, inú orúkọ ló wà, inú abi, inú teyze. Tẹ́ ẹ bá ti pe èèyàn ní teyze, ẹ ti kúnlẹ̀ ná, sen tẹ́ ẹ fi tẹ̀ lé e ò já ìkúnlẹ̀ yẹn kulẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ fún ìyá ẹ̀ pé "Anne, ne yapıyorsun?", Màmá, kí lò ń ṣe, tí ìyá ò sì bínú, ọmọ tó mọ̀wé tó lẹ́kọ̀ọ́ ni o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, àyà mi já. Àwọn ìdílé kan ṣì wà tí ìyàwó ti máa ń sọ siz fún òbí ọkọ, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo mọ́. Ti Ọlọ́run nìkan la jọ gbà síra lórí ẹ̀: àwa ń pè É ní Ìwọ, àwọn ń pè É ní Sen.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá ṣe é nìyí. Gbogbo àgbàlagbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, siz, àní tó bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Ibí yìí làwa tún ti ń kọsẹ̀ lápá kejì, torí a máa ń rí ọmọbìnrin tó ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù, a rí i pé àbúrò wa ni, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwọ sí i. Ẹ má ṣe é. Òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, dókítà, ọlọ́pàá, siz ni títí ayé. Ọmọdé, sen. Ẹ̀yin àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín, sen láti ọjọ́ kìíní. Tó bá wá di àwọn aládùúgbò, ẹbí ọ̀rẹ́, abi tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ìsàlẹ̀ ilé, ẹ fi siz bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wá dúró. Àgbà ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, á ní "siz deme bana", má sọ siz sí mi mọ́. Lọ́jọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kó tiẹ̀ rí bí ẹ̀gún lẹ́nu yín. Lẹ́nu tèmi ó gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè sọ ọ́ láìkálòlò.

Tí wọ́n bá sì wá ń pè yín ní orúkọ tiwọn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ìyá máa ń pe ọmọ ẹ̀ ní annem, màmá mi, bàbá á pe ọmọ ní babam, teyze mi náà máa ń pè mí ní teyzem. Ṣé àwa kì í pe ọmọ jòjòló ní bàbá mi tàbí ìyá mi ni? Ìkẹ́ ni.

4. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó dá yín lóhùn, ẹ fi iṣẹ́ ẹ̀ pè é

Usta ni ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, mẹkáníìkì, káfíńtà, ẹni tó ń yan ẹran. Kaptan ni dírẹ́bà. Nínú dolmuş, ìyẹn báàsì kékeré tiwọn, ẹ máa na owó sí ẹni tó wà níwájú kó bá yín nà án síwájú, ẹ̀ ẹ́ ní "Uzatır mısınız?", tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, "Müsait bir yerde inebilir miyim?", ṣé mo lè bọ́ọ́lẹ̀ níbi tó bá rọrùn. Ẹ wò ó dáadáa, ìbéèrè ni méjèèjì. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe ẹ jọ̀ọ́. Lütfen wà fún ẹ jọ̀ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ yẹn, "mısınız", òun ló ń gbé ọ̀wọ̀. Bákan náà lẹ máa pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ, "Bakar mısınız?", ṣé ẹ lè wo ibí. Ẹ má ṣọwọ́ pẹ̀ẹ́ sí i, ẹ má pòṣé pè é.

Ọlọ́pàá ni memur bey, dókítà ni doktor bey tàbí doktor hanım. Olùkọ́ ni hocam, tísà mi, kò sì pin sí kíláàsì, wọ́n ń pe ìmáámù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n rò pé ó mọ̀wé bẹ́ẹ̀, ní yunifásítì ODTÜ ní Ankara, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ń fi pe ara wọn. Tí orúkọ ẹnì kan bá sọnù lórí yín ní ọgbà ilé ìwé, hocam á yọ yín.

Tí wọ́n bá wá pe ẹ̀yin, "efendim" lẹ máa fi jẹ́, lójúkojú àti lórí fóònù. Òun kan náà lẹ máa lò tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá fi "ne?" jẹ́ àgbà, ohun tó sọ ni "kí ni?", ẹ sì mọ ibi tí ìyẹn máa ń parí sí nílé wa.

5. Àwọn "ẹ kú" tiwọn

Ibí yìí ni inú mi ti máa ń dùn jù, torí mi ò rò pé mo máa rí "ẹ kú" ní òkèèrè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ohunkóhun tí ì báà jẹ́, agbálẹ̀ o, akọ̀wé o, ẹni tó gbé ẹrù o, "kolay gelsin", kó wá ní ìrọ̀rùn, ẹ kúuṣẹ́ gan-an ni. Ẹ fi èyí ṣáájú ìbéèrè èyíkéyìí ní ọ́fíìsì kẹ́ ẹ wo bí ojú òṣìṣẹ́ ṣe máa tú ká. Tẹ́ ẹ bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù, "hayırlı işler", kí iṣẹ́ yín já sí rere. Wọ́n kí yín "hoş geldiniz", ẹ káàbọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, "hoş bulduk". Ẹni tó ń jẹun, "afiyet olsun". Ẹni tó sè é, "elinize sağlık", tàbí "eline" tẹ́ ẹ bá ti kúrò lálejò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tàbí gẹrun, "sıhhatler olsun". Ẹni tó ra bàtà tuntun, "güle güle giy", máa wọ̀ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Tó bá jẹ́ ilé ló kó sí, "güle güle oturun". Ẹni tó sín, "çok yaşa", kó o pẹ́ láyé, òun á sì dá yín lóhùn pé "sen de gör", kí ìwọ náà rí i.

Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, ẹni tí mọ́tò gbá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò, "geçmiş olsun", kó ti kọjá lọ. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ti òkè òkun dé, tàbí ẹni tó bímọ, "gözünüz aydın", kí ojú yín mọ́lẹ̀. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀, "başınız sağ olsun". Baş ni orí. Kí orí yín wà láàyè, kó le. Ìgbà tí bàbá mi kú ní Ìbàdàn tí n kò lè wálé, bí àwọn tí mo mọ̀ ṣe ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo gbọ́ ọ bí ẹní gbọ́ Yorùbá.

Ẹ tún ní láti mọ "estağfurullah". Tẹ́ni tó jù yín bá dúpẹ́ jù, tàbí tó sọ pé òun ò tó nǹkan, òun lẹ máa fi dá a lóhùn, ìtumọ̀ ẹ̀ sún mọ́ "áà, kí lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún". Ọpẹ́ kékeré, "sağ olun" fún àgbà àti àlejò, "sağ ol" fún ojúgbà.

6. Ara náà ń sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní Bursa, àyà mi ò tíì kanlẹ̀ tí bàbá fi di apá mi mú, "estağfurullah, estağfurullah", wọ́n ní iwájú Ọlọ́run nìkan lèèyàn ti ń forí kanlẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi ẹnu kò. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún àgbà, ẹ fẹnu kan ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ gbé e kan iwájú orí yín, ó tán. Ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ àti ọjọ́ iléyá ló pọ̀ jù, àwọn ọmọdé á gba súìtì tàbí owó, àgbà á ní "el öpenlerin çok olsun", kí àwọn tí yóò fẹnu ko ọwọ́ tìrẹ náà pọ̀. Kì í ṣe fún ọ̀gá ibi iṣẹ́, kì í sì í ṣe fún ọ̀dọ́bìnrin. Àgbà mìíràn á fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má fà á padà. Ẹ má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí obìnrin tó bá borí tàbí ọkùnrin tó bá jẹ́ ẹlẹ́sìn gidi tẹ́yin bá jẹ́ obìnrin, ẹ dúró kẹ́ ẹ rí i bóyá wọ́n á nà án. Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ sáyà, ẹ̀yin náà ẹ gbé e sáyà.

Bàtà, ẹnu ọ̀nà ló ń gbé, wọ́n á fún yín ní sílípáàsì. Tíì kò ní tán nínú kọ́ọ̀bù yín títí ẹ ó fi gbé ṣíbí dá bùú ẹnu ẹ̀, ìyẹn ni "ó tó".

Èyí tó kù ló máa dùn yín jù tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣáájú. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lálẹ́, mo bèèrè, "Ekmek var mı?", ṣé búrẹ́dì wà. Ọkùnrin yẹn gbé ìpéǹpéjú sókè, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ahọ́n ẹ̀ dún "cık". Ó pòṣé sí mi! Mo jáde pẹ̀lú ìbínú, mi ò padà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ọmọ kíláàsì mi kan tó ṣàlàyé fún mi pé kò sẹ́ni tó bú mi. "Cık" yẹn ni rárá. Kò sí búrẹ́dì mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ gba ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́.

7. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dilekçe, ìparí ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń kọ̀wé sókè á parí ẹ̀ pẹ̀lú "arz ederim". Ẹni tó wà lókè tó ń kọ̀wé sísàlẹ̀ ló ń sọ "rica ederim". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ rica sí ọ̀gá yunifásítì ti fi ara ẹ̀ sórí àga tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìmeèlì sí olùkọ́, "Sayın Hocam" lókè, "Saygılarımla", tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nísàlẹ̀.

8. Tẹ́ ẹ bá ń lọ

Ẹni tó ń lọ ló ń sọ "Allahaısmarladık", mo fi yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tàbí "hoşça kalın". Ẹni tó kù sílé ló ń sọ "güle güle". Ẹ má pààrọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá sọ güle güle nígbà tẹ́yin lẹ ń jáde, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ ń lé onílé jáde nílé ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi sínú tákísì, teyze sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lọ́wọ́, láti àjà kẹrin. Mo fẹnu ko ọwọ́ wọn, mo gbé e kan iwájú orí. Mo ní "Hakkını helal et, teyzeciğim", dárí gbogbo ohun tí mo jẹ ọ́ jì mí, sen ni mo sì lò, kò kọ́ mi lẹ́nu mọ́. Bí mọ́tò ṣe gbéra ni mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti da omi náà sí ojú títì lẹ́yìn wa, ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ: "Su gibi git, su gibi gel." Lọ bí omi, kó o sì padà wá bí omi.